Ìkòkò Ìyá Mi àti Òfin Ohun Olóhun

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà: kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè. Olè ní ẹjọ́ tirẹ̀; ọlọ́pàá ní í mú un, ìjọba ní í pè é lẹ́jọ́, ẹ̀wọ̀n sì ni ibùsùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa ni ti ẹni tí ó lè máà jẹ́ olè rárá, tí ó jẹ́ aládùúgbò, tàbí ọ̀rẹ́, tàbí ìbátan, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ tí a gbé nǹkan fún pé kí ó bá wa tún un ṣe, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wá kan ohun olóhun lọ́nà tí kò yẹ. Irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sí kóòtù. Kì í sì í ṣe kí wọ́n lè ti ẹnì kan mọ́lé ni yóò ṣe lọ, bí kò ṣe kí ó lè gba ohun rẹ̀ padà, tàbí kí ó gba owó rẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ gba méjèèjì.

Kí ló dé tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí láàyò? Ìkòkò ìyá mi ló fà á.

Sísè oúnjẹ ìnáwó ni iṣẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Nínú gbogbo ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tí ó náání tó ìkòkò irin ńlá kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, elétí méjì, tí ó jẹ́ pé bí a bá gbé e ka iná, ìrẹsì ìdajì àpò yóò jiná nínú rẹ̀ láì kún dé ẹnu. Aládùúgbò wa kan, ìyàwó ilé kejì, wá yá a nígbà tí baba ọkọ rẹ̀ kú. Ìyá mi kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sin òkú, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó. Ọjọ́ kẹjọ pé, ogójì ọjọ́ pé, ìkòkò kò padà wálé. Èmi ni ìyá mi ń rán. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, ìyá yẹn á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, á bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, á ní, “Sọ fún ìyá rẹ pé ìkòkò rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi o, kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá lọ.” Bẹ́ẹ̀ ìkòkò náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo sì ń rí i láti ẹnu ọ̀nà wọn: ó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìnkùlé, omi òjò ti kún inú rẹ̀, ewé ìbẹ́pẹ gbígbẹ ń léfòó lórí omi náà, pẹ́pẹ́yẹ wọn ń na ọrùn mu ún, etí rẹ̀ kan sì ti ń dógùn-ún. Ní gbogbo àkókò yìí, bí ìyá mi bá gba iṣẹ́, owó ni ó fi ń háyà ìkòkò ẹlòmíràn.

Ṣé olè ni ìyàwó ilé kejì? Rárá o. Ó jẹ́wọ́ níṣojú tọmọdé tàgbà pé ìkòkò náà kì í ṣe tòun. Ṣé ó ṣẹ ìyá mi? Ó ṣẹ̀ ẹ́ gan-an ni. Mo dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ òfin, kí n tó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ, ó sì ní àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí á máa fi ẹ̀sọ̀ rìn lọ síbẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òyìnbó ló wá kọ́ wa pé ohun olóhun kò ṣe é fọwọ́ kàn. Ẹni tí ó bá ti gbé oko rí mọ ààlè. Ní ọ̀nà oko wa, obìnrin a ṣẹ́ igi ìdáná, a dì í, a gbé e tì sí ẹ̀bá ọ̀nà títí di ọjọ́ tí yóò rí ẹni bá a rù ú; kò ní ṣọ́ ọ, kò sì ní fi àgádágodo tì í. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò so ìkarahun ìgbín kan, tàbí àkísà pupa, tàbí ṣùkù àgbàdo tí a ti jẹ tán, mọ́ ìdì igi náà. Ẹni tí ó bá ń kọjá á wò ó, á sì kà á bí ẹni ń kàwé: igi yìí ní olówó, ẹni tí ó bá mú un, kí ó ṣófo bí ìkarahun yìí, kí ó gbó bí àkísà yìí. Ohun tí a bá ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹni tí orí rẹ̀ ti ru igi rí ni ó mọ̀ pé igi ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa máa ń pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà láìsí olùtà, tí wọn á to òkúta wẹ́wẹ́ ti ọjà kọ̀ọ̀kan láti fi iye rẹ̀ hàn, tí èrò ọ̀nà á mú èyí tí ó fẹ́, tí á sì fi owó rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nípa ààlè, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú. Ààlè kì í wádìí inú ẹni. Kò sọ pé, “Bí o bá rò pé ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni, máa gbé e lọ.” Kò sọ pé, “Bí o bá fẹ́ bá mi gbé e pa mọ́ kúrò nínú òjò, kò burú.” Ohun kan ṣoṣo ni ó ń sọ: èyí kì í ṣe tìrẹ. Òfin tí mo fẹ́ sọ fún yín lálẹ́ òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọkọ̀ ojú omi ló gbà wá láti ìlú òyìnbó, ọ̀nà kan náà ni òun náà ń tọ̀. Kò kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ohun tí o ní lọ́kàn. Ó ń bi ọ́ léèrè pé: ta ló ni ín, kí ni o sì fi ṣe?

Mẹ́ta ni irú ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin náà mọ̀ sí ohun olóhun, ìtàn ni n ó sì fi mú yín dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní ọdún 1876, wọ́n dá ẹjọ́ kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan ni ó kú sílé rẹ̀, ọtí àmujù ni ó sì pa á. Òkú wà ní yàrá. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń jẹ, wọ́n ń mu, ilé dàrú. Ìyàwó ìdílé kan, tí ó rí i pé wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́ olóògbé wà ní yàrá ibi tí òkú tẹ́ sí, kó wọn, ó gbé wọn lọ sí yàrá mìíràn, ó fi wọ́n sí ibi tí ó rò pé ọwọ́ olè kò ti ní tó wọn. Inú rere ni ó fi ṣe é, kò sí ẹni tí ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa padà débẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ kò sí mọ́. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ ti gbé wọn lọ. Ẹni tí olóògbé fi ilé rẹ̀ sí ìkáwọ́ wá pe ìyàwó náà lẹ́jọ́. Kí ni ilé ẹjọ́ sọ? Wọ́n ní ó jẹ̀bi. Wọ́n ní kí èèyàn tó gbé ohun olóhun kúrò níbi tí ó wà, pé nítorí ààbò ni, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ewu wà lóòótọ́ tí ó fi di dandan láti gbé e, kò sì rí ẹ̀rí kankan mú wá. Ṣílè kan péré ni wọ́n ní kí ó san. Ṣílè kan kéré, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nínú ilé òkú yìí, nítorí ilé òkú tiwa kò yàtọ̀ sí i. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé tí baba kú sí lówùúrọ̀, tí àpótí aṣọ rẹ̀ sì ti fúyẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú? Àna ní òun gbé òfì baba pa mọ́ kí ikán má bà á jẹ́. Àbúrò ní òun mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí ọmọdé má gbé e jáde. Ọmọ ìyá ní òun gba ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sọ́wọ́ títí ẹbí yóò fi jókòó. Àwọn mìíràn ń sọ òótọ́, àwọn mìíràn ń purọ́. Ṣùgbọ́n olódodo àti onírọ́, wọ́n jùmọ̀ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiwọn ni, láìgbàṣẹ. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ kìíní, tí àwọn lọ́yà ń pè ní trespass sí ohun ìní. Kò di ìgbà tí o bá jẹ ẹ́, kò sì di ìgbà tí o bá bà á jẹ́. Ní ti ilé òkú, ohun tí mo rí tí ó dára jù ni pé kí a pe àgbà méjì, kí a ka ohun gbogbo lójú wọn, kí ẹni tí ó mọ ìwé kọ ọ́ sílẹ̀, kí a tó gbé ohunkóhun láti yàrá kan sí èkejì.

Ǹjẹ́ gbígbé ohun kúrò nípò rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú kí a sọ ọ́ di tiwa? Kò dọ́gba, ilé ẹjọ́ sì ti fi ìyàtọ̀ sí i tipẹ́. Ní ọdún 1841, ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń ná láti Birkenhead sí Liverpool, òun pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀ méjì. Èdèkòyédè bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀gá ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí ó kó ẹṣin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀. Ni ọ̀gá ọkọ̀ bá fa ẹṣin méjèèjì gba etí odò lọ, ó tú wọn sílẹ̀ sórí ilẹ̀. Olówó ẹṣin sì jókòó pa sínú ọkọ̀, wọ́n gbé e sọdá. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀gá ọkọ̀ fọwọ́ kan ohun olóhun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ẹṣin di tirẹ̀, kò sì bá ẹni tí ó ni ín du nǹkan. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí ẹṣin kúrò nínú ọkọ̀ òun. Nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ kìíní ni tirẹ̀, kì í ṣe èkejì.

Kí wá ni èkejì? Èkejì ni kí o lo ohun olóhun bí ẹni pé ìwọ ni olówó rẹ̀: kí o tà á, kí o fi tọrẹ, kí o fi dúró gba owó, kí o tú ẹ̀yà rẹ̀ ká, kí o jẹ ẹ́ tán. Àwọn lọ́yà ń pè é ní conversion. Èmi ń pè é ní sísọ ohun olóhun di tẹni. Ẹ mú fóònù ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá gbé fóònù rẹ lórí tábìlì, tí ó ń tú inú rẹ̀ wò láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ kìíní nìyẹn. Bí ó bá gbé e lọ fi dúró lọ́dọ̀ ẹni tí ó jẹ lówó, ó ti wọ inú èkejì dé ọrùn.

Ìtàn kan wà nípa èkejì yìí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìtàn tí mo kà nínú ìwé òfin lọ, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́. Ní ọdún 1722 ni, ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọmọdékùnrin kan wà, Armory ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ gbígbọ́n èédú kúrò nínú ihò èéfín ilé àwọn olówó ni ó ń ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti rí, dúdú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, aṣọ rẹ̀ ya, kò sí ẹni tí yóò fún un ní ìjókòó. Ọmọ yìí rí ohun ọ̀ṣọ́ kan he, tí òkúta iyebíye wà lójú rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Paul de Lamerie, pé kí wọ́n sọ fún òun ohun tí ó jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó wà ní ìsọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ wọ̀n ọ́n wò, ó sì rọra yọ òkúta ojú rẹ̀. Wọ́n ní kọ́bọ̀ kan àti ààbọ̀ ni àwọn yóò san fún un. Ọmọ náà ní òun kò tà á, kí wọ́n fún òun ní ohun òun. Wọ́n na férémù lásán sí i, ihò tí òkúta ti kúrò ń wò ó bí ojú afọ́jú.

Ọmọ èédú yìí kò sunkún lọ sílé. Ó pe alágbẹ̀dẹ wúrà lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà sì le, nítorí a lè bi í pé, “Ìwọ ọmọ, ṣé ìwọ ló ni ín ni?” Kì í ṣe òun ló ni ín, ó rí i he ni. Àwa náà máa ń sọ pé ẹni tí ó rí nǹkan he tí ó fẹ́ kú torí rẹ̀, owó ẹni tí ó sọ ọ́ nù ńkọ́? Òwe náà bá a wí, bí ẹni tí ó sọ ọ́ nù bá yọjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ nù kò yọjú. Alágbẹ̀dẹ ni ó wà níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ kò sì sọ ohunkóhun nù. Adájọ́ àgbà Pratt wá là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ó rí ohun he, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ni olóhun pátápátá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ borí ti gbogbo ayé, àfi ti ẹni tí ó ni ín gan-an. Ó kù kí wọ́n mọ iye owó òkúta náà, òkúta kò sì sí nílẹ̀ mọ́. Adájọ́ sọ fún àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ pé bí alágbẹ̀dẹ kò bá gbé òkúta náà jáde kí wọ́n rí i pé kì í ṣe èyí tí ó dára jù, kí wọ́n gbà pé òkúta tí ó dára jùlọ tí ó lè wọ ojú férémù náà ni, kí ó sì san owó rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: òkúta tí ó dára jùlọ. Ẹni tí ó gbé ohun olóhun mì kò ní jẹ èrè òkùnkùn tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 300 tí ẹjọ́ yìí ti wáyé, àwọn lọ́yà ṣì ń gbé e jáde ní kóòtù títí di òní, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rántí pé ọmọ tí ń gbọ́n èédú ni ó fi ẹjọ́ náà lélẹ̀ fún gbogbo wa.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù nìyí: “Bí mo bá fi owó mi ra nǹkan, tí n kò sì mọ̀ pé ẹni tí ó tà á fún mi kò ni ín, ṣé èmi náà jẹ̀bi?” Ẹni tí ó gbé epo lájà, a ní kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òwe yẹn ń bá wí mọ ohun tí ó ń gbà. Ìwọ kò mọ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, òfin yìí kì í sábà dá ọ láre. Ní ọdún 1875, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ òwú kan. Gbájúẹ̀ kan ti fi ẹ̀tàn gba ìdì òwú 13 lọ́wọ́ oníṣòwò ní Liverpool. Alárinà kan, olóòótọ́ ènìyàn, tí kò mọ nǹkan kan, rà á lọ́wọ́ gbájúẹ̀, ó tà á fún àwọn tí ń fi òwú hun aṣọ, owó alárinà díẹ̀ ni ó sì rí jẹ níbẹ̀. Wọ́n ti ran òwú náà tán kí àṣírí tó tú. Ilé ẹjọ́ ní kí alárinà san owó òwú fún ẹni tí ó ni ín. Ó ní òun kò mọ̀. Wọ́n ní àwọn gbà pé kò mọ̀, ṣùgbọ́n òwú olówú ni ó tà.

Ṣé ó le? Ó le. Nínú àwọn méjì tí gbájúẹ̀ rẹ́ jẹ, ó di dandan kí ẹnì kan ru ẹrù náà, òfin sì sábà máa ń gbé e ka orí ẹni tí ó gba ohun tí ẹni tí kò ni ín fi lé e lọ́wọ́. Àwọn àyè díẹ̀ wà tí olùrà fi lè bọ́, ṣùgbọ́n má ṣe gbójú lé e. Ìwọ tí ń ra fóònù àlòkù tàbí ẹ̀yà ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ibi tí ó ti rí i, tí ó ń kánjú, tí owó tí ó ń pè kò tó ìdajì iye tí ó yẹ, gba rìsíìtì, béèrè orúkọ, béèrè ìsọ̀. Bí kò bá fẹ́ dáhùn, tọ́jú owó rẹ.

A ti dé ọ̀dọ̀ ìkòkò ìyá mi wàyí. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta ni pé ohun rẹ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó lè jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ni o gbé e fún un, o wá ní kí ó dá a padà, ó sì kọ̀. Detinue ni orúkọ rẹ̀ ní kóòtù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún wa ní òfin yìí ti fi òfin ọdún 1977 pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ní ilẹ̀ wọn, wọ́n kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sábẹ́ èkejì. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà ó wà láàyè digbí, ó sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ kí o gba ohun náà gan-an padà, kì í ṣe owó rẹ̀ nìkan, kí o sì tún gba owó ohun tí o pàdánù ní gbogbo ìgbà tí kò fi sí lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo owó tí ìyá mi fi háyà ìkòkò ẹlòmíràn, òun ni mò ń wí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ olóhun, ìyá mi kò sì tíì ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ó ń rán mi lọ gba ẹ̀pà. O gbọ́dọ̀ béèrè ohun rẹ gbangba, kí ẹni náà sì kọ̀ gbangba, tàbí kí ó máa fi dòní-dọ̀la tàn ọ́ títí tí ó fi di kíkọ̀. Àwa Yorùbá ń tijú láti béèrè ohun tiwa. A ó máa gba ẹ̀gbẹ́ sọ ọ́, a ó máa fi òwe sọ ọ́, a ó rán ọmọdé, a ó ní, “A kàn ní ká kí yín ni.” Ẹni tí a ń kí á kí wa padà, ohun wa á sì jókòó síbẹ̀. Lọ fúnra rẹ, tàbí kí o kọ ìwé, kí o tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Dárúkọ ohun náà, dá ọjọ́, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Má sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù: ní Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ọ láti gbé irú ẹjọ́ báyìí wá, lẹ́yìn èyí ilẹ̀kùn á tì.

Ǹjẹ́ ẹni tí ohun wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kọ̀ kí ó sì jàre? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí télọ̀ bá rán àgbádá rẹ tán, tí o kò san owó iṣẹ́, tàbí mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnnì rẹ ṣe, tí o fẹ́ wa ọkọ̀ lọ lófìífo, òfin gbà á láyè láti mú un dání títí o ó fi san owó iṣẹ́ náà. Òógùn rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó mú un dání ni òfin wí o! Kò ní kí ó wọ àgbádá náà lọ sóde ìyàwó, kò sì ní kí ó máa fi ọkọ̀ náà ná Ìbàdàn. Àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún un lẹ́sẹ̀ a ṣò ó. Ní ti òfin, ọjọ́ tí télọ̀ wọ aṣọ oníbàárà jáde ni ó ti kúrò lábẹ́ ààbò tí òfin fún un.

Ẹni tí a jẹ lówó ńkọ́? Ṣé ó lè wọlé onígbèsè kó ẹrù? Láyé àtijọ́ a máa ń dógò: ológò á wá jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, á máa bú tilé-toko, á mú adìẹ, á mú ewúrẹ́, títí ẹbí yóò fi san owó nítorí ìtìjú. Òfin òde òní kò gba ológò láyè. Gbèsè ọ̀tọ̀, ẹrù onígbèsè ọ̀tọ̀. Kóòtù ló lè so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó gba ọkọ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò pé òun yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òfin Nàìjíríà ti ọdún 1965 sọ pé bí ó bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀ náà, olówó ọkọ̀ kò lè gbà á mọ́ láìjẹ́ pé ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ kò ga ju èyí lọ. Ní ọdún 1973, ẹjọ́ kan wáyé ní Èkó, nínú èyí tí ìgbìmọ̀ ìlú gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ẹnì kan tí ó ń fi ṣe takisí, nítorí pé ó lo ìwé àṣẹ tí wọ́n fún un lọ́nà tí kò tọ́. Adájọ́ ní ìgbìmọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé àṣẹ wọn padà, nítorí ìwé ni tiwọn. Ọkọ̀ kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì jẹ̀bi.

Ìyá mi kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ó sì fẹ́ràn ìyàwó ilé kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí oòrùn tó yọ, ó wé gèlè rẹ̀, ó mú ìyálé ilé wa àti ìyá ẹgbẹ́ wọn dání, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, “Mo wá gba ìkòkò mi.” Kò kí, kò pa òwe. Wọ́n gbé e jáde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la da omi pẹ́pẹ́yẹ nù. A fi yanrìn ha inú rẹ̀, a fi eérú fọ̀ ọ́, etí kan já sí wa lọ́wọ́. Ìrẹsì àkọ́kọ́ tí a sè nínú rẹ̀, a dà á nù, irin ló ń rùn. Ìyá mi kò jáwọ́ nínú yíyá ènìyàn ní ìkòkò náà títí ó fi re ibi àgbà ń rè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti so àkísà pupa kan mọ́ etí tí ó ṣẹ́ kù.